Èsì: Òbí gíga, ọmọ kúkurú, ìrẹsì ńkọ́?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé kí ló dé tí tọkọtaya gíga àdúgbò yín l'Ógbómọ̀ṣọ́ fi bímọ tí apá àti itan rẹ̀ kúrú, àti bóyá òun náà ló ń mú ìrẹsì kúrú. Kí ìyá ọkọ má wulẹ̀ fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni o! Ó jọ achondroplasia, ìyẹn ipò tí kì í jẹ́ kí egungun apá àti ẹsẹ̀ gùn tó bó ṣe yẹ. Jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní FGFR3 ló máa ń ṣe bíi bíréèkì fún egungun tó ń gùn; tó bá yí padà, bíréèkì náà á le jù. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 100, òbí àwọn bíi 80 ò kúrú rárá: àyípadà tuntun ni, ọmọ ò jogún ẹ̀. Orí ọmọ pé dáadáa, àmọ́ kí dókítà máa wo ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti ìrẹsì yàtọ̀. Jíìnì SD1 tó bàjẹ́ ló ń dín gibberellin, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ọ̀gbìn ga, kù. Irú ìrẹsì IR8 tó jáde ní 1966 nìyẹn. Kò ga, afẹ́fẹ́ ò tètè dà á wó, àgbẹ̀ sì dìídì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni.