Èsì: Àyà tó ń já nínú ọkọ̀ Ìkòròdú sí Mile 12

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. O ní àyà rẹ máa ń lù kì kì kì nínú dánfó, bíi pé ikú dé, bẹ́ẹ̀ dókítà yẹ ọkàn rẹ wò, kò rí nǹkan kan. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìpayà òjijì (panic attack) ni, ìyẹn ẹ̀rù ńlá tó ń dé lójijì. Ó sábà máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Má bá a jà; rọra máa mí síta, kó pẹ́ ju mímí sínú lọ.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má pa ọkọ̀ wíwọ̀ tì! Bí a bá ṣe ń sá fún un ni ẹ̀rù ń gbilẹ̀. Kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ dé ibùdókọ̀ Agric, tó bá mọ́ ẹ lára, kó o dé Májídun tó wà níwájú. Bí kò bá dẹwọ́, lọ sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.