Ṣé kí n pààrọ̀ bréékà, àbí kí n fa wáyà tuntun lọ sí gáréèjì?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ sọ gáréèjì ilé mi di ibi iṣẹ́. Mo ní ayùn orí tábìlì tí motor rẹ̀ jẹ́ 3 hp, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 2 hp, àti ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin. Wáyà 2.5 mm² kan ṣoṣo ló gbé iná wá síbẹ̀ láti inú ilé, nǹkan bíi mítà 25. Bí mo bá ti tan ayùn, gílóòbù á ṣe bàìbàì, bréékà 20 A á sì já. Ẹnì kan ní kí n sáà fi 32 A rọ́pò rẹ̀. Ṣé ó tọ́? Àbí iná fésì mẹ́ta ni mo nílò?

Ìdáhùn: Ẹ má pààrọ̀ bréékà yẹn. Wáyà ni bréékà ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fi 32 A ṣọ́ wáyà 2.5 mm² tó wà nínú páìpù, wáyà á ti máa gbóná kí bréékà tó mọ̀ rárá. Rọ́bà ara rẹ̀ á gan, á sán, ibẹ̀ ni ilé ti ń gbiná. Fésì mẹ́ta náà kò pọn dandan, nítorí ìwọ̀n ẹ̀rọ tí ẹ kà sílẹ̀ yìí wọ́pọ̀ lórí 230 V. Ẹ ṣáà wo àwo ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó dá yín lójú. Ohun tó yẹ ni kí gáréèjì ní wáyà tirẹ̀ láti bọ́ọ̀dù ńlá, ìyẹn àpótí bréékà inú ilé, kó sì ní bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀.

Kí ló dé tí bréékà fi ń já? Motor 3 hp ń fa nǹkan bíi 15 A nígbà tó bá ti ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 90 A. Ẹ wá wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà lára bréékà yín. B20 lè já lójú ẹsẹ̀ láti 60 A sókè. C20 kò ní já lójú ẹsẹ̀ àfi bó bá tó 100 A. Mo fura pé B ló wà níbẹ̀. D tún wà, tó le ju C lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sáré mú un: bí láìfù àti niútírà bá kan ara wọn ní ìparí wáyà gígùn, iná tó máa ṣàn lè má tó èyí tó máa já D kíákíá.

Ẹ jẹ́ ká wọn wáyà ńlá náà. Ẹnì kan kò lè máa la pákó kó tún máa jó irin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ la máa rò pọ̀. Ayùn 15 A, ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú pákó, bí ẹ bá máa fi kún un, 8 A, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó lè tan fúnra rẹ̀ nígbàkúgbà 10 A, gílóòbù 1 A: 34 A nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí 40 A. Lórí mítà 25, wáyà kópà 6 mm² á pàdánù nǹkan bíi 7.3 V, 10 mm² á pàdánù 4.4 V. Nígbà tí ayùn bá ń gbéra ní 90 A, ó di 16 V lórí 6 mm², 10 V péré lórí 10 mm². 10 mm² ni kí ẹ rà, kí bréékà 50 A máa ṣọ́ ọ láti inú ilé. Bó bá máa gba inú ilẹ̀, ẹ lo wáyà onírin lára, kó jìn tó 60 cm, kí téèpù ìkìlọ̀ wà lókè rẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ rí i pé iná tó wọ ilé gan-an lè gba ẹrù yìí pẹ̀lú sítóòfù iná àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Nínú bọ́ọ̀dù kékeré, ayùn gba C20 àti wáyà 4 mm², kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gba C16 àti 2.5 mm². Gílóòbù gba 6 A àti 1.5 mm², kó sì dá wà. Ẹ ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lójú nígbà tí bréékà ayùn bá já tí eyín rẹ̀ ṣì ń yí. Ti ẹ̀rọ ìjórin, ẹ wo àwo ara rẹ̀: I1max ni iná tó ń fà nígbà tó bá ń jó, I1eff ni ìwọ̀n tí wáyà ń rí bí ẹ bá ka ìsinmi mọ́ ọn. Èyí tó bá ní 36 A àti 18 A á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí C32, wáyà 6 mm² àti sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù olóbìrípo ti 32 A.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù ni éètì, ọ̀nà tí iná tó bá jò sí ara ẹ̀rọ máa gbà lọ. Wọ́n á ri irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì, wọ́n á ní ó ti tán. Bí ilẹ̀ bá dènà iná tó 20 ohm, 230 V ò lè ti ju 11.5 A gba ibẹ̀ kọjá. Bréékà 20 A ò ní já láéláé, ara ẹ̀rọ á sì máa gbé iná dúró de ọwọ́ ẹni tó máa kàn án. Ìdí nìyí tí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ RCD 30 mA, súìṣì tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí iná díẹ̀ bá ń jò. Bóyá kí wáyà éètì bá wáyà ńlá wá láti ilé, tàbí kí gáréèjì dá ní irin tirẹ̀, irú iná àdúgbò yín ló máa sọ. Kí oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ wò ó. Ẹ má so niútírà àti éètì pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù kékeré. RCD kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá niútírà tirẹ̀. Bí wọ́n bá dà á pọ̀, á máa já láìsí ìdí tí ẹ lè rí.

Ayùn nílò súìṣì tí kì í padà tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì dé. Ní ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, bó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kí ẹ gbọ́ “ṣìì” díẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ ti di, bó bá fẹ́ tún gbéra, motor á máa kùn láìyí, bréékà á já. Wáyà ò jẹ̀bi nínú ìyẹn.

Ẹ lè gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ to páìpù, kí ẹ fa wáyà fúnra yín níbi tí òfin bá gbà. Oníṣẹ́ iná ni kó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Kó tó tan án, kó fi 500 V dán wáyà wò pẹ̀lú mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń wò bóyá rọ́bà wáyà ń jẹ́ kí iná jò, ẹ̀rọ ìjórin àti gílóòbù LED ní yíyọ kúrò. Ohun tó bá dín ní 1 MΩ (mílíọ̀nù ohm kan) kò yẹ ní títàn. Nígbà tí ayùn bá gbéra lẹ́yìn náà, kó wọn fóltéèjì nínú bọ́ọ̀dù gáréèjì àti nínú ti ilé pa pọ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 10 V yẹn lọ dáadáa, kó pa iná, kó sì kọ́kọ́ yẹ ìdè niútírà wò, bóyá bóòtù kan ò fún.