Ẹ Bi Wá: Ìjà Àwọn LeBaron

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn Mọ́mọ̀n olóbìnrin púpọ̀ kan ń pa ara wọn ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà nígbà kan. Ṣé lórí ìyàwó ni? Ṣé Mọ́mọ̀n tó ń rìn ní méjì méjì, tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, náà ni?

ÌDÁHÙN: Àwọn yẹn kọ́. Ìjọ Mọ́mọ̀n tí ẹ ń rí yẹn, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, kéde lọ́dún 1890 pé òun ti jáwọ́ nínú ìkóbìnrinjọ. Nígbà tó di 1904, wọ́n le òfin náà sí i: ẹni tó bá tún fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ara wọn ni ìdílé LeBaron, tó tẹ̀dó sí Chihuahua ní àríwá Mẹ́síkò.

Ìjà yẹn kì í ṣe ti ìyàwó, ìjà ipò ni. Joel LeBaron ló dá ìjọ sílẹ̀ lọ́dún 1955, ó ní òun nìkan ni àṣẹ oyè àlùfáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ervil, ni igbákejì. Nígbà tó yá, Ervil ní òun ni ipò olórí tọ́ sí, Joel sì rọ̀ ọ́ lóyè. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 1972, àwọn ọmọlẹ́yìn Ervil pa Joel ní Ensenada, ní Mẹ́síkò. Ilé ẹjọ́ Mẹ́síkò dá Ervil lẹ́bi, wọ́n sì tún yí ìdájọ́ náà padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì tẹ ìjọ náà, nítorí Verlan, àbúrò wọn, ló bọ́ sí ipò Joel.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ervil fúnra rẹ̀ kì í yìnbọn. Á ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀, á dárúkọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kú, á sì fi ẹ̀kọ́ ètùtù ẹ̀jẹ̀ tì í lẹ́yìn: ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ Kristi kì í wẹ̀, àfi kí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣàn. Ẹni tó pànìyàn wá gbà pé oore ni òun ṣe é. Ìyàwó, ọmọ àti àna ló ń rán níṣẹ́, àwọn tí kò lè sọ pé rárá. Lọ́dún 1977, obìnrin méjì wọ ibi iṣẹ́ Rulon Allred, olórí ẹgbẹ́ olóbìnrin púpọ̀ mìíràn, ní Murray, ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìdẹkùn ni ikú yẹn pẹ̀lú: Ervil rò pé Verlan á wá síbi ìsìnkú, kí wọ́n pa òun náà níbẹ̀. Àwọn tó rán rí bí ọlọ́pàá àti èrò ṣe pọ̀ tó, wọ́n pẹ̀yìn dà.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí Ervil kú ńkọ́, ṣé ó parí?

ÌDÁHÙN: Kò parí. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un lọ́dún 1980 nítorí ikú Allred, ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Utah lóṣù kẹjọ ọdún 1981. Àmọ́ ó ti kọ ìwé kan sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, tó to orúkọ àwọn tó ní wọ́n dalẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa, sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kan gbà á bí Ìwé Mímọ́. Lójú tiwa, ìwé yẹn burú ju ìbọn lọ.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1988, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọlẹ́yìn Ervil pa ọkùnrin mẹ́ta tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní Texas, méjì ní Houston, ọ̀kan ní Irving, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìfọṣọ àti irú rẹ̀ ṣe ni àwọn ọkùnrin náà ń ṣe. Wọ́n fi iṣẹ́ yẹn tan ọ̀kan lọ sí ilé òfìfo kan pé kó wá gbé ẹ̀rọ. Ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8, dání. Wọ́n pa ọmọ náà kó má baà jẹ́rìí. Lọ́dún 1993, ilé ẹjọ́ rán mẹ́ta nínú àwọn apànìyàn náà lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Lọ́dún 1997, Aaron, ọmọ Ervil tó jẹ́ olórí wọn, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 45. Ọ̀kan nínú wọn sá títí di 2010 kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní Honduras.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ìyá àti ọmọ tí wọ́n pa ní Mẹ́síkò lọ́dún 2019, ṣé iṣẹ́ wọn náà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Àwọn oníbọn ẹgbẹ́ olóògùn olóró ló pa obìnrin mẹ́ta àti ọmọ mẹ́fà ní Sonora, ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá. Àwọn tó kú tan mọ́ ìdílé LeBaron lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Ervil. Ní 2009 pàápàá, wọ́n ti pa ọkùnrin kan ní Colonia LeBaron, ìlú ìdílé náà ní Chihuahua, nítorí pé ó ń gbógun ti àwọn ajínigbé.