Drum and bass àtijọ́ àti ti ìwòyí: ohun tí mo gbọ́ nídìí sípíkà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o gbọ́ jungle, ìyẹn drum and bass àtijọ́, orin ijó tó yára tó dá lórí ìlù àti báàsì, ti ọdún 1994 lórí fóònù, ó dún létí rẹ bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, pé ti ìwòyí ló lágbára, kí wá ni àwa àgbà ń rí nínú ti àtijọ́? Ti àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ká tó débẹ̀, fóònù yẹn ń rẹ́ ọ jẹ.

Iṣẹ́ tèmi ní Àkúrẹ́ níbí ni yíyá sípíkà àti ẹ̀rọ fáwọn tó ń ṣe òde: ìgbéyàwó ní Ìjàpọ̀, ìkómọjáde ní Ọ̀bá-Ilé, òkú àgbà lápá Òǹdó. Fújì, jùjú àti orin ìyìn làwọn olóde ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá to sípíkà tán tí àlejò ò tíì wọlé, drum and bass ni mo fi ń dán an wò, torí kò sí orin mìíràn tó ń tú àléébù báàsì síta kíákíá bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Báàsì àwọn àtijọ́ jìn gan-an, ó sì mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ní nǹkan bí 50 Hz (ìgbọ̀n àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kò sí ohùn tó ń kùn kankan lórí rẹ̀. Sípíkà fóònù kéré jù, kò lè gbé e jáde. Ìlù nìkan lo wá gbọ́, ó ń dún bí agolo. Àwọn tó ń ṣe é lónìí mọ̀ pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa gbọ́ ọ, wọ́n á wá fi ohùn mìíràn tó ń kùn, tó ń ha, lé báàsì náà lórí kí fóònù lè rí nǹkan mú. Gbé méjèèjì sórí sípíkà báàsì oní-ínṣì 18, ọ̀rọ̀ á yí padà. Mo fi orin “Horizons” ti LTJ Bukem, ọ̀kan lára àwọn àgbà drum and bass, ti ọdún 1995, sí i nínú gbọ̀ngàn kan l'Alágbàká, mo na àtẹ́lẹwọ́ síwájú ihò sípíkà. Atẹ́gùn ń ti ọwọ́ mi, bébà àárín sípíkà ń lọ ó ń bọ̀, síbẹ̀ ọmọ iṣẹ́ mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, kò pariwo.

Ti ìlù ni kókó. Lọ́dún 1969, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, The Winstons, ṣe orin kan tí wọ́n pè ní “Amen, Brother”. Láàárín orin náà, gbogbo wọn dákẹ́, Gregory Coleman onílù wọn wá dá lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè, àwọn ọ̀dọ́ London, tí àwọn ọmọ ará Jàmáíkà pọ̀ nínú wọn, gé ìlù yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n mú kó yára kọjá ìró ìlù 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n tún un tò bó ṣe wù wọ́n. Coleman kú lọ́dún 2006, kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin.

Bí o bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí, ohun tí mo fẹ́ sọ á yé ọ. Nínú ti àtijọ́, ìlù ni ìyáàlù. Òun ló ń sọ̀rọ̀, tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, tó ń ṣẹ́ ẹnu gba ibòmíràn, báàsì ló ń gbè é. Nínú ọ̀pọ̀ ti ìwòyí, ìlù ti di omele: bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lórí ìró ìlù 174 láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí bẹ́ẹ̀. Báàsì ló wá ń ké, tó ń pààrọ̀ ohùn, tó ń ṣe ìyáàlù. Iṣẹ́ ńlá lèyí náà, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìlù ni etí tèmi kọ́kọ́ ń wá nínú orin, bó ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn.

Àyípadà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Roni Size àti Reprazent láti Bristol fi àwo New Forms gba Mercury Prize, ẹ̀bùn ńlá fún àwo orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1997, ìlù ti ń rọlẹ̀, ó ti ń tò gbọọrọ, àmọ́ báàsì onígi tí wọ́n ń fi ọwọ́ ta wà níbẹ̀, ó dùn jọjọ. Pendulum láti Ọsirélíà gbé ariwo rọ́ọ̀kì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwo Hold Your Colour ní 2005. Ìyẹn kò wọ̀ mí lára rí.

Ohun tó ń bí mi nínú ní ti ìwòyí ni pé wọ́n ń fún ohùn pọ̀ jù. Ibi tó yẹ kó rọ̀ àti ibi tó yẹ kó le, ìkan náà ni. Tí mo bá ti ti àtijọ́ bọ́ sí tuntun, kíá ni mo gbọ́dọ̀ yí ampilifáyà wálẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí etí á fi rẹ̀ mí. “Timeless” ti Goldie, 1995, kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo sì máa ń gbọ́ ọ tán kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Tuntun tí mo fẹ́ràn wà o. Nia Archives, Silence Is Loud, 2024: ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ń kọrin lórí ìlù gígé, ìlù náà sì ń fọhùn. “Baddadan” ti Chase & Status àti Bou, 2023, fún ìta gbangba, ó dára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA kan ní kí n tún un fi sí i nígbà tí mo ń dán sípíkà wò, mo sì tún un fi sí i tayọ̀tayọ̀.

Yá headphone ńlá tó bo etí lọ́wọ́ ẹnìkan, má lo íápíìsì ẹ̀bá títì. Bẹ̀rẹ̀ látorí Bukem, kó o kọjá sí Goldie, lẹ́yìn náà kó o gbọ́ Nia Archives. Tí o bá wà ní Àkúrẹ́, jẹ́ kí n mọ̀, kó o wá bá mi nígbà tí mo bá tún ń to sípíkà, kó o mú orin tìrẹ náà dání.