Níbo la ti máa bọ́ sómi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọkọ mi fẹ́ kó èmi àtàwọn ọmọ lọ sí Hot Springs National Park ní ìpínlẹ̀ Arkansas nígbà ọlidé. Mo ti ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún gbogbo wa, títí kan Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Apá ibo la ti lè bọ́ sínú omi gbígbóná yẹn? Eló sì ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì? Ìyá Ìdòwú, Texas.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìdòwú, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Kò sí géètì níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbowó ìwọlé lọ́wọ́ yín. Inú ìgboro ni ọgbà náà wà, títì Central Avenue ló gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn ló dùn mí. Kò síbi kankan níta tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn bọ́ sómi. Orísun omi gbígbóná bíi 47 ló wà lára òkè tó wà nínú ọgbà náà, wọ́n sì ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ìdọ̀tí má bàa kó sí i. Omi ọ̀hún gbóná tó 62 lórí ìwọ̀n Celsius. Adìẹ tá a fẹ́ tu níyẹ̀ẹ́ là ń rì sírú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ Maurice ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ. Wọ́n ṣí orísun sílẹ̀ níbẹ̀ fún wíwò, èéfín á máa rú níwájú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Arlington Lawn, níbi tí omi ti ń ṣàn wálẹ̀ lára òkè sínú adágún kékeré kan. Ẹ lè tọwọ́ bọ ìyẹn, àmọ́ kí ìka tiyín ṣáájú ti Ìdòwú.

Tó bá jẹ́ ìwẹ̀ gan-an lẹ fẹ́, ilé ìwẹ̀ mẹ́jọ ló tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n Buckstaff àti Quapaw ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ní Buckstaff, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1912, òṣìṣẹ́ ló máa ń mú yín látorí ọpọ́n ìwẹ̀ dé inú àpótí olóoru. Ní Quapaw, adágún inú ilé ni, ibẹ̀ laṣọ yín á ti wúlò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò tíì tó wọ ìkankan nínú méjèèjì, nítorí náà kí ẹ̀yin àti bàbá wọn máa wẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá wẹ̀ kó kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwẹ̀ Fordyce, tí wọ́n ṣí ní 1915, tó ti di ibi àfihàn báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo àjà gíláàsì aláràbarà tó wà ní yàrá ìwẹ̀ àwọn ọkùnrin, kẹ́ ẹ wá wo bí tàwọn obìnrin ṣe kéré tó. Inú bí mi.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó nípọn dání. Ẹ̀rọ omi wà nígboro tẹ́ ẹ ti lè pọn omi gbígbóná náà lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò tó rọ̀ ní nǹkan bí 4,400 ọdún sẹ́yìn ni omi ọ̀hún, tó rìn wọnú ilẹ̀ lọ títí ooru ìsàlẹ̀ fi mú un gbóná. Kì í rùn rárá. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo gbé sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ tèmi. Kó tó dé ìdajì, ó ti rọ̀, ó ká kò mọ́ mi lọ́wọ́, omi sì dà sí mi ní bàtà.