Ẹ má fi ọjọ́ ogbó bo ìgbàgbé màmá yín mọ́lẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, arábìnrin wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yín ní àkàtúnkà. Ẹ ní màmá yín, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 73, máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, wọ́n sì ti gbé ìkòkò kaná lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ títí tó fi jóná. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin wá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé àwọn olùwádìí ti fi hàn pé àrùn ìgbàgbé kì í ṣe àwa ará Ìbàdàn, pé ẹ̀jẹ̀ wa ló ń lé e, pé màmá kàn ń ṣarán ni. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èmi náà fi tu ara mi nínú fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta náà sì ń dùn mí títí di òní.

Òótọ́ ni pé ìwádìí náà wáyé, iṣẹ́ ńlá sì ni. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà náà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ìṣẹ̀lẹ̀ mánigbàgbé ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí wọn. Àbájáde kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 dá lórí àwọn ènìyàn 2,459 ní Ìbàdàn àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 2,147 ní ìlú Indianapolis, tí gbogbo wọn ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àrùn náà kò sì tíì ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti Ìbàdàn ni àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn; ti Indianapolis jẹ́ ìdá 3.24.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín ka ọ̀rọ̀ dé tí wọ́n fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹgbẹ̀rún kan irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ jọ ní Ìbàdàn, ènìyàn bí 13 tàbí 14 ni yóò kó sínú rẹ̀ láàárín ọdún kan péré, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ìyá tàbí bàbá ẹnì kan. Ìyá mi wà lára irú wọn. Ní ti ọ̀rọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa ló ń lé àrùn náà, ibi tí mo rò pé ó ti wá ni pé jíìnì kan, ohun tí a ń jogún lára òbí, wà tí wọ́n ń pè ní APOE, tí ẹ̀yà rẹ̀ kan, e4, máa ń mú kí àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, tètè bá àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn olùwádìí sì rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára àwọn ará Ìbàdàn. Ìyẹn kò sọ pé kò sí ohun mìíràn tó lè fà á. Ìdí tí wọ́n fi fi ìlú méjèèjì wéra ni pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni baba ńlá ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti wá, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìgbé ayé, oúnjẹ àti àìsàn ara ń dá kún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn bíi ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré. Ẹ wo bí a ṣe ń jẹun nísinsìnyí, tí a kì í rìn dé ìkóríta láìgun ọ̀kadà, kí ẹ sọ fún mi bóyá ìgbé ayé wọn náà ni à ń gbé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún wo àwọn àgbà Ìbàdàn kan náà, wọ́n rí i pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni àrùn ìgbàgbé máa ń sábà bá jù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ìyá mi ta èlùbọ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbèsè tí ogójì oníbàárà jẹ wọ́n sórí láìkọ ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 58 nígbà tí a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. A ra oògùn, a sì rò pé wọ́n ń lò ó. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ń fọ aṣọ wọn, mo bá kókó kan ní ìṣẹ́tí ìró. Mo rò pé owó ni wọ́n dì síbẹ̀. Nígbà tí mo tú u, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wẹ́ẹ́rẹ́ funfun, mo kà á, ó jẹ́ 21, òógùn ara sì ti ń sọ àwọn mìíràn di ẹ̀tù. Wọ́n ní, “Kò síbi tó ń dùn mí. Kí ni ẹni tára ẹ̀ le ń loògùn sí?” N kò rí èsì kankan fọ̀ nígbà yẹn. Èsì náà ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, àmọ́ ó ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó yẹ kó ta mí jí ni ọjọ́ tí oníbàárà wọn àtijọ́ kan dá owó padà fún mi, tó ní ìyá fún òun ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì, pé kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, tí wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Etí wọn ló ti ń di tí a kò mọ̀. Nígbà tí dókítà yẹ etí náà wò tó sì fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, díẹ̀ lára ohun tí à ń pè ní ìgbàgbé lọ, nítorí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù kò lọ. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan 14 tó ń dá kún ewu àrùn yìí ní ọdún 2024, wọ́n sì ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, ó ṣeé ṣe kí a dènà bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí kí a sún un síwájú. Etí tí kò gbọ́ràn, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àtọ̀gbẹ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìdánìkanwà wà nínú wọn.

Èyí tó nira jù fún mi láti sọ nìyí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tán, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣìnà ní àdúgbò, bóyá ìṣírò owó ti ń ṣòro fún wọn, bóyá ìwà wọn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Rárá ni mo fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n gbé igbá òfìfo jáde ní ìdájí, tí wọ́n ń lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí àwọn ènìyàn má pe ìyá mi ní àjẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ìṣòro kò pọ̀, a sì padà sílé fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn olùwádìí Ìdíkàn pàápàá kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà nìkan mọ. Wọ́n máa ń bi ará ilé rẹ̀ léèrè lọ́tọ̀, nítorí ẹni tó ń gbàgbé lè má mọ̀ pé òun ń gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun fún wọn lọ́wọ́ kẹ́místì, nítorí ó lè dà wọ́n lọ́kàn rú sí i, kí wọ́n sì ṣubú. Ẹ má gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ sè é. Ẹ ní kí àwọn dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, kí wọ́n yẹ ṣúgà, etí àti ojú wò, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín náà sì jẹ́ kí wọ́n wọn ti yín. Ẹ mú ìwé kan lónìí, ẹ kọ ọjọ́ tí ìkòkò kọ́kọ́ jóná sí i, àti gbogbo ohun tí ẹ ti rí látìgbà náà. Bí dókítà bá pè yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èyí tó ń tì yín lójú.