Nígbà tí gbogbo àlejò bá ń jẹ́ 10.0.0.2

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ sọ yẹn, pé láti ìgbà tí ẹ ti gbé nginx síwájú Apache, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni log (àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sí sáìtì) ń kọ fún gbogbo èèyàn, ojú mi ti rí i rí. Tèmi tilẹ̀ ti sáìtì pa mọ́ àwọn oníbàárà lójú.

Sáfà méjì ni mo ní. nginx wà lórí 10.0.0.2, òun ló ń gba àlejò. Apache, tó ń gbé sáìtì jáde, wà lẹ́yìn rẹ̀, fail2ban (ètò tó ń ka log, tó sì ń tìlẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì oníwàhálà) sì ń ṣọ́ log Apache. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan ń dán password wò lemọ́lemọ́. Fail2ban ka log, ó ní 10.0.0.2 ni ọ̀daràn, ló bá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Nginx tèmi fúnra mi! 502 (àṣìṣe pé nginx ò rí ìdáhùn tó tọ́ gbà lọ́wọ́ Apache) ni gbogbo ayé ń rí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Apache ò parọ́ o. Ẹni tó kanlẹ̀kùn ló kọ sílẹ̀: ìránṣẹ́ ló rí, kò rí ẹni tó rán an. Ẹ jẹ́ kí nginx máa dárúkọ ẹni tó rán an nínú header (àlàyé tó ń bá ìbéèrè rìn):

proxy_set_header X-Forwarded-For $proxy_add_x_forwarded_for;

Lórí Apache, ẹ tan mod_remoteip, apá Apache tó ń ka header yẹn (a2enmod remoteip ni lórí Ubuntu), kí ẹ wá kọ:

RemoteIPHeader X-Forwarded-For
RemoteIPInternalProxy 10.0.0.2

Log tèmi ò yí padà àfi ìgbà tí mo sọ %h di %a nínú LogFormat (ìlà tó ń sọ ohun tí log máa kọ).

Ìlà RemoteIPInternalProxy yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, log sì dára lójú, inú mi dùn. Àṣé tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbé header náà wá ni Apache máa gbà gbọ́. Ẹ̀yìn àdírẹ́sì tó ti wà níbẹ̀ ni nginx ń fi àdírẹ́sì tòótọ́ sí, kì í pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ fi curl (àṣẹ tó ń bẹ sáìtì wò láìlo browser) dán an wò láti ilé yín:

curl -H "X-Forwarded-For: 1.2.3.4" pẹ̀lú àdírẹ́sì sáìtì yín

Tí 1.2.3.4 bá jáde nínú log, ẹ ò tíì ṣe tán. Kí ẹ sì fi firewall (ògiri ààbò sáfà) dí Apache, kó jẹ́ nginx nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀.

(Tó bá jẹ́ pé TCP lásán ni nginx yín ń gbé kọjá, tí kì í tú HTTPS, kò lè kọ header sínú rẹ̀. PROXY protocol, tó ń kọ àdírẹ́sì àlejò síwájú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ máa lò nígbà náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ tan án níhà méjèèjì.)

Èyí tó wá kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni fail2ban. Ó ti mọ ọ̀daràn gan-an báyìí, ó kọ "Ban" síwájú àdírẹ́sì rẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin yẹn ò dáwọ́ dúró. Log ló mọ̀ ọ́n, iptables (firewall tí fail2ban ń lò) ò mọ̀ ọ́n: ọwọ́ 10.0.0.2 náà ni gbogbo packet ṣì ń gbà wọlé. Mo gbé fail2ban lọ sórí sáfà nginx, ibẹ̀ ló ti rí i mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo sì ń fi tìlẹ̀kùn, torí àìmọye èèyàn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ló ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo, mi ò fẹ́ kí ẹnì kan gbàgbé password kí àdúgbò má rí sáìtì wọ̀.